TA NI YÓÒ YÍ ÒKÚTA KÚRÒ LẸ́NU KÀNGA?

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 29:1-10, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7

Ẹni tí ó bá ń gbé ní apá ibi tiwa yìí, láti Ìdó dé Ìjerò, láti Àrámọ̀kọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí odò kékeré bá di ẹrẹ̀, tí kànga ẹ̀yìnkùlé gbẹ, tí ọmọdé ń ru kẹ́ẹ̀gì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbà náà ni a máa ń mọ bí àwa àti aládùúgbò wa ti rí sí ara wa.

Ní oṣù yìí, mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó kọ́ni.

Ní àdúgbò wa ní Ayétòrò-Èkìtì níbí, kànga ẹ̀rọ kan wà tí a ń fi ọwọ́ fà. Kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni. Ìgbìmọ̀ kékeré kan ni ó ń bójú tó o. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, a sì ní Sátidé kan nínú oṣù tí gbogbo àdúgbò ń jáde láti gbá àyíká rẹ̀ àti láti la ojú àgbàrá, kí omi ìdọ̀tí má baà padà wọ inú kànga. Èmi kì í lọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi, èsì kan náà ni wọn yóò gbà: mo ní ìpàdé àdúrà. Owó oṣù ńkọ́? Mo ń san án bí mo bá rántí, n kì í sì í sábà rántí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Awọ kékeré kan tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó jẹ. Owó tí a ó fi tún un ṣe kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àpò ìgbìmọ̀ ti gbẹ ju odò lọ, nítorí àwa tí à ń rántí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni àdúgbò wa fi ń lọ sí odò. Àwọn ọmọ ń pẹ́ dé ilé-ìwé. Àwọn aboyún ń ru omi gun òkè.

Ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí kànga náà pàdé mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ó wò mí títí, ó ní: “Tíṣà, ṣé ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ kì í mu omi ní ọjọ́ Sátidé ni?” Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò rí èsì kankan fún ìyá yìí.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ìjọ wa ní omi. A ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ọgbà ilé ìsìn, a gbé táńkì sórí òpó, a sì ra jẹnẹrétọ̀ tí ń fa omi sí i. Agádágodo sì wà lẹ́nu géètì. Àwọn ìyá tí ń ti odò bọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wa kọjá, omi lórí wọn, wọ́n sì ń gbọ́ bí a ti ń kọrin nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ géètì yìí sílẹ̀ ná. N ó padà sí i.

KÀNGA TÍ Ó WÀ NÍ HÁRÁNÌ

Nígbà tí Jákọ́bù sá kúrò nílé tí ó dé ilẹ̀ Háránì, ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni kànga kan nínú pápá. Agbo àgùntàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ tì í, òkúta ńlá kan sì bo ẹnu rẹ̀. Jákọ́bù bi àwọn darandaran léèrè ìdí tí wọn kò fi fún ẹran ní omi kí wọ́n sì tètè padà lọ jẹko. Wọ́n dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe títí gbogbo agbo yóò fi pé. Bí gbogbo wọn bá pé, wọn a yí òkúta, wọn a fún ẹran ní omi, wọn a sì dá òkúta padà sí ààyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní òfin lórí omi wọn. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé kí ó mu ún tán. Kò sí ẹni tí yóò ṣí i sílẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ dà sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni ó ń ṣí i, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ni ó sì ń rí bí a ti ń pín in. Òótọ́ ni pé Jákọ́bù dá òkúta náà yí nígbà tí Rákélì yọ, a kò sì lè bá ọkùnrin tí ìfẹ́ ń gun ní ìjà! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Rákélì ń dé. Ní ọjọ́ tí ó kù, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

ṢÉ OHUN TI GBOGBO ÈNÌYÀN GBỌ́DỌ̀ BÀJẸ́ NI?

Àwọn kan gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Garrett Hardin, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó gba ayé kan. Ó ní bí pápá ìjẹko bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù yóò máa fi màlúù kún màlúù rẹ̀, nítorí pé èrè rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, àdánù rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayé. Níkẹyìn pápá yóò pa run. Ní tirẹ̀, àfi kí ìjọba gbà á, tàbí kí a pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Elinor Ostrom, kò fi àròsọ dá a lóhùn. Ó lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jùmọ̀ lo nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn àgbẹ̀ tí ń pín omi oko ní Spéènì àti ní Filipíínì, àwọn ará òkè ní Switzerland tí ń da ẹran lórí pápá kan náà, àwọn abúlé ní Japan tí wọ́n ní igbó kan pọ̀. Ó rí i pé ní ibòmíràn, nǹkan náà bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn, ó ti wà láti ìran dé ìran láìbàjẹ́. Kí ni ó mú ìyàtọ̀ wá? Níbi tí ó ti dára, wọ́n mọ àwọn tí ó ni ín. Àwọn tí ń lò ó ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀. Olùṣọ́ wà, olùṣọ́ náà sì ń jíhìn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ ń jẹ ìyà kékeré, ẹni tí ó bá sọ ọ́ di àṣà ń jẹ ńlá. Bí ìjà bá dé, ibi tí a ti ń parí rẹ̀ kò jìnnà, kò sì náni lówó. Ìjọba kò sì tẹ ìlànà wọn mọ́lẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1990, ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé ní ọdún 2009, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2012.

Bí ẹ bá ka èyí fún àwọn ìyá wa tí ń ṣe èsúsú, wọn yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ń dá èsúsú láìmọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀? Ṣé a ń dá a láìsí olórí, láìmọ ẹni tí ó kàn? Bẹ́ẹ̀ náà ni àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe lóko: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tí kò bá wá sí ti ẹnìkejì rẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá kan tirẹ̀.

BÍ A TI LÉ SOBÌA LỌ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí kò lè kọjá àárín èsúsú àti oko, ẹ jẹ́ kí ó rántí sobìa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Kòkòrò gígùn bí òwú ni, a máa la ara ènìyàn yọ, pàápàá ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mú lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, oko a di igbó, ọmọ a fi ilé-ìwé sílẹ̀. Inú omi tí gbogbo ìlú jọ ń mu ni ó ti ń wá. Ẹni tí sobìa ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọ inú odò adágún láti pọn omi. Sobìa tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, ní nǹkan bí ọdún kan sí i, sobìa yọ lára òun náà. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú omi tó láti kó ìyọnu bá gbogbo ìlú.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá a jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1988 àti 1989, iye tí wọ́n rí ju 650,000 lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Báwo ni a ṣe wá ṣẹ́gun rẹ̀? Ìjọba ṣe tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Carter Center tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, dá sílẹ̀ ṣe tirẹ̀, Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ti ṣe olórí ìjọba wa sì ń rìn láti abúlé dé abúlé láti ọdún 1999. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sínú omi adágún. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀n tí ó gbé iṣẹ́ náà ró ni àwọn ará abúlé tí wọ́n fi ara wọn jìn. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, a yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi aṣọ sẹ́ omi, tí yóò máa di ojú egbò, tí yóò máa dá ẹni tí sobìa ń yọ lára rẹ̀ dúró kí ó má baà wọ odò, tí yóò sì máa kọ iye tí ó rí ránṣẹ́. Abúlé kan mọ́ abúlé kejì, títí ó fi kan gbogbo ilẹ̀ wa. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sobìa mú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ta ni ó dúró létí odò wọ̀nyẹn? Kì í ṣe sọ́jà. Aládùúgbò ni.

AYÉTÒRÒ KEJÌ

Orúkọ ìlú wa ní ẹnìkejì ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde tẹ ìlú náà dó sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Wọ́n pinnu láti máa gbé bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti gbé nínú Ìṣe orí kẹrin: àpò kan fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ń gba owó oṣù. Ìlú ni ó ń bọ́ ọ, ìlú ni ó ń ra aṣọ fún ọ, ìlú ni ó ń rán ọmọ rẹ ní ilé-ìwé. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ní ọdún 1953, wọ́n ti ní iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn ènìyàn ń wá láti òkè òkun láti wá wo ohun ìyanu yìí.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, àpò kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, olúkúlùkù sì padà sí òwò ara rẹ̀. N kò kọ èyí láti dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ọ̀pọ̀ wa kò tíì ṣe ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìtara tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò tó láti fi dé òpin. Ohun àjọní dà bí iná ìdáná, ẹni tí ó dá a gbọ́dọ̀ máa koná mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, òkun ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé òpópónà, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń ké pe ìjọba láti ọdún pípẹ́ kí a bá wọn sé e. Ìlú kan lè gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n ìlú kan kò lè dá òkun dúró. Nǹkan kan wà tí àdúgbò lè dá ṣe, òmíràn ń fẹ́ gbogbo ìlú, òmíràn sì ń fẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá ń retí ìjọba láti wá fi awọ sí ẹ̀rọ kànga rẹ̀ ṣe àṣìṣe. Ìjọba tí ó bá ní kí abúlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé òkun ṣe àṣìṣe tí ó ju ìyẹn lọ.

MO PADÀ SÍ Ọ̀RỌ̀ GÉÈTÌ

Nínú ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ẹ̀rọ àdúgbò ti dákẹ́, a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìjọ. Àwọn kan ní epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Àwọn kan ní a ó ba ọgbà jẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí àwọn tí ó fẹ́ omi kọ́kọ́ wá sí ìsìn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, a ṣí géètì.

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Wọ́n ṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ìlà. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ ìjọ wa ń kọjá síwájú àwọn tí ó ti dúró láti òròòwúrọ̀, wọ́n ní ilé Baba àwọn ni. Kíá ni àwọn kan ti ní, “Àbí ẹ ò rí i? Ẹ jẹ́ kí a tì í padà.”

Nígbà náà ni alàgbà kan ṣí Ìṣe orí kẹfà. Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá ní ohun àjọní, ìjà sì dé lórí rẹ̀: àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ní a ń fo àwọn nínú ìpín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò pa tábìlì tì. Wọn kò ní kí àwọn tí ń kùn pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje tí ẹ̀rí wọn dára. Ẹ wo orúkọ àwọn méjèèje: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn tí a fò ni wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa pín in.

Àwa náà yan ènìyàn márùn-ún. Méjì jẹ́ ọmọ ìjọ. Ọ̀kan jẹ́ ará mọ́ṣáláṣí tí ó wà nítòsí wa. Ọ̀kan wá láti inú ìgbìmọ̀ kànga àdúgbò. Ẹnì karùn-ún ni ìyá arúgbó tí ó bi mí ní ìbéèrè Sátidé. Ìlà ni a fi lé e lọ́wọ́, mo sì fẹ́ rí ẹni tí yóò kọjá níwájú ìyá yìí! A dá wákàtí sílẹ̀, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní owó kékeré tí ń wọ inú àpótí. Opó àti arúgbó kì í san. Ní òpin oṣù, a ń ṣí àpótí lójú gbogbo ènìyàn, a sì ń ka ìṣírò rẹ̀ sókè. Nínú owó yẹn ni a ti ra epo. Nínú owó yẹn náà ni a ti ra awọ fún ẹ̀rọ àdúgbò. Agádágodo ṣì wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n alẹ́ nìkan ni a ń lò ó.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ wo àyíká yín. Ó lè jẹ́ kànga, ó lè jẹ́ afárá, ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ ọgbà ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ. Ẹ béèrè ìbéèrè márùn-ún lórí rẹ̀: Ta ni ó ni ín? Ta ni ó ṣe òfin rẹ̀? Ta ni ó ń ṣọ́ ọ? Níbo ni a ti ń ka ìṣírò rẹ̀? Ta ni ń parí ìjà orí rẹ̀? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ibẹ̀ ni yóò ti bàjẹ́.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, bí wọ́n bá ní kí a bọ odò kí a tó gbá a ńkọ́? Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn àgbà pé ẹ kò lè bá wọn bọ ọ́, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ fún yín láti gbá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá a kí ó mọ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìbọ bo ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà ti fi ìpàdé àdúrà bò ó rí. Ìpàdé náà ṣì ń lọ lónìí. Wákàtí kan péré ni a sún un síwájú, mo sì ń ti ibi kànga lọ síbẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ̀yin òbí, nígbà àdúrà ìdílé ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ka ìtàn Háránì fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ní àdúgbò tiwa, òkúta wo ni a ń retí kí ẹlòmíràn wá yí?

Olúwa yóò fi omi tù wá lára. Kí ó má ṣe bá wa nílé ní ọjọ́ tí àwọn aládùúgbò wa bá jáde. Ó di oṣù tí ń bọ̀.